Ẹ̀gàn Ni Ọ̀tá Ìwàásù

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣòro àwọn oníwàásù ìhìnrere, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn wa ni ibà, ọ̀nà jíjìn àti ìbínú àwọn abọ̀rìṣà. Ìwọ̀nyí le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa gbà pé ọ̀tá kan wà tí ó burú jù wọ́n lọ, inú ilé Ọlọ́run gan-an ni ó sì ń gbé. Orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀gàn: kí oníwàásù gan èdè àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀, tàbí kí ó gan ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther fi èyí hàn wá kedere. A kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, a sì mú un lọ sí ilẹ̀ Sàró, níbi tí ó ti kàwé tí ó sì di onígbàgbọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, lẹ́yìn tí ó ti di àlùfáà, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn ará wa tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Òun tìkára rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ní ọjọ́ náà, òun dà bí ìkókó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ yìí! Ọ̀mọ̀wé tí ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké kò tijú láti di akẹ́kọ̀ọ́ nínú èdè àwọn baba rẹ̀.

Ìṣírí kò pẹ́ dé. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì rí Afala ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà. Nígbà tí ó di 1848, ìyá náà wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní ìlú náà.

Kì í ṣe èdè tirẹ̀ nìkan ni ó bọ̀wọ̀ fún. Ní 1857 ó bá ọkọ̀ lọ sókè odò Ọya. A dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Onitsha, a sì fi Àlùfáà John Christopher Taylor, tí ó jẹ́ ọmọ Ìgbò láti Sàró, síbẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwé ABD èdè Ìgbò tí Crowther ṣe jáde. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwé lórí èdè Núpé. Ní 1867 olóyè kan lẹ́bàá odò náà mú un mọ́lẹ̀, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ọfà sì pa aṣojú Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá gbà á.

Ohun tí ibà àti ọfà kò lè ṣe, ẹ̀gàn ni ó ṣe é. Nígbà tí a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864, àwọn òyìnbó kan kò fẹ́ wà lábẹ́ adúláwọ̀. Nítorí náà a kò fi iṣẹ́ Abẹ́òkúta àti ti Ìbàdàn sí abẹ́ rẹ̀. Ní 1890, ní Onitsha, àwọn òyìnbó tí ọjọ́ orí wọn kò tó ti ọmọ rẹ̀ tàbùkù rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Àwa kò sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ náà kò ní àṣìṣe. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀gàn tún àṣìṣe ṣe. Bàbá arúgbó náà kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ó sì kú ní 31 December 1891. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ parun bí? Rárá o! Bíbélì Yorùbá, tí òun àti àwọn mìíràn jọ túmọ̀, ti jáde lódindi ní 1884. Ní 1892 àwọn ìjọ tí ó wà ní ẹsẹ̀ odò Ọya, lábẹ́ Dandeson ọmọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ara wọn gbọ́ bùkátà ara wọn. Ní 2014 ẹ̀wẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì ní gbangba nítorí ìwà tí a hù sí i.

Ọ̀rọ̀ kàn wá wàyí. Òyìnbó tí ń gan èdè wa ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn náà kò bá a lọ. A ti rí ilé ìjọsìn tí gbogbo olùgbọ́ jẹ́ Yorùbá, síbẹ̀ tí oníwàásù ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ògbifọ̀ sì dúró ti í. A ti rí ọmọ onígbàgbọ́ tí kò lè ka ẹsẹ kan nínú Bíbélì tí ìyá ìyá rẹ̀ fi kọ́ ìwé kíkà. Níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà bá péjọ sí, Gẹ̀ẹ́sì wúlò. A kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ kọ́ ọmọ Yorùbá láti ka Ìwé Mímọ́ ní Yorùbá, kí a kọ́ ọmọ Ìgbò ní Ìgbò, kí a sì kọ́ ọmọ Núpé ní Núpé. Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, olùkọ́ni ìjọ kan ń bẹ ní abúlé tí ó ń fi ẹsẹ̀ rin láti ìjọ kan dé èkejì. Ẹ bu ọlá fún un nígbà tí ó wà láàyè. Ọdún 123 ni ó kọjá lẹ́yìn ikú Crowther kí àforíjì tó dé. Etí rẹ̀ kò sì gbọ́ ọ.