Ẹ Má Fi Linux Tó Fúyẹ́ Jù Sórí Kọ̀ǹpútà Bàbá Yín

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí àwọn ọ̀gá Linux tó dà bò mí: distro tó fúyẹ́ jù lọ kọ́ ló dáa jù fún kọ̀ǹpútà àtijọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀, ó sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Láti October 2025 tí Microsoft ti fi Windows 10 sílẹ̀ ni ìbéèrè kan náà ti ń wọ DM mi: "Àǹtí, èwo ni kí n fi sí i?" Windows 11 ń béèrè RAM 4GB ó kéré tán, pẹ̀lú TPM 2.0. Ọ̀pọ̀ desktop tòkunbọ̀ tó wà nílé wa ò ní in, owó kọ̀ǹpútà tuntun kì í sì í ṣe owó gúgúrú.

Tiwa nílé jẹ́ Core 2 Duo, RAM 2GB, Windows 7. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ín. Òun ni wọ́n fi ń tẹ ìtàn ìdílé wa. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bí ìgbín, mo gbé antiX sí i, torí mo ti kà pé RAM 512MB tó o. Ó yára! Mo ya fọ́tò, mo gbé e síbí, ẹ sì fún mi ní like. Mi ò tíì dé Ìbàdàn padà tí wọ́n fi pè mí: "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo kó ìwé mi sí?"

Ìwé wọn wà níbẹ̀ o. Àmọ́ kì í ṣe ojú tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n rí. File manager tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, wọn ò mọ èyí tí wọ́n máa tẹ̀. Wọ́n fi aṣọ bò ó. Oṣù méjì gbáko, wọn ò tẹ gbólóhùn kan.

antiX ò ṣẹ̀ o. Tí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ 32-bit, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí Lubuntu ti fi 32-bit sílẹ̀ tipẹ́, Debian 13 náà ò sì ṣe installer ẹ̀ mọ́. Àmọ́ ẹ ro ti ẹni tó máa jókòó síwájú ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ.

Nígbẹ̀yìn, mo ra RAM 2GB sí i, tòkunbọ̀, ó di 4GB. Mo fi Linux Mint Xfce sí i. Menu ẹ̀ wà nísàlẹ̀ lápá òsì bíi ti Windows 7, LibreOffice sì ń ṣí àwọn fáìlì Word wọn. Mo kọ́kọ́ kó fáìlì pamọ́, mo wá ti orí fláàṣì gbìyànjú ẹ̀, mo wò ó bóyá prínńtà ń ṣiṣẹ́, bóyá ohùn ń jáde. Ẹ má fo ìyẹn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù rèé: nínú keyboard settings, ẹ wá Nàìjíríà lọ, ẹ máa rí Yorùbá níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bàbá mi á tẹ ìwé jáde tán, wọ́n á wá máa fi bíírò to àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lọ́kọ̀ọ̀kan. antiX náà ní i, èmi ni mi ò wá a.

Ẹ̀yin tó ń jà lórí Xfce àti LXQt, browser ló ń jẹ RAM yín. Ẹ ṣí Facebook àti YouTube pọ̀, gbogbo ohun tí ẹ ṣọ́ jẹ ti tán. Mo ní kí bàbá mi máa ṣí tab kan ṣoṣo. Mẹ́fà ni wọ́n ń ṣí. Tí owó bá sì wà, ẹ ra SSD. Hard disk àtijọ́ ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn ju distro lọ.

Wọ́n ti dé orí bàbá bàbá wọn nínú ìtàn náà báyìí. Ẹni tí RAM ẹ̀ ò bá tó 2GB, ẹ kọ irú processor tó ní sísàlẹ̀, kí n lè dá yín lóhùn. Ẹ má kàn kọ "ó ti gbó" fún mi jàre.