ÒṢÙWỌ̀N ỌJÀ ÌPÍN ÀTI OJÚṢE BÁŃKÌ ÀPAPỌ̀

Nínú ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú bá ará ìlú sọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ó wí pé òṣùwọ̀n ọjà ìpín ilẹ̀ wa, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ọjà ṣíà, ti gòkè láti 55,000 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 dé 142,000. Iye yìí dùn-ún pè níbi ìpàdé òṣèlú, kò sì lè yà wá lẹ́nu bí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò bá ń fi í yangàn. Àwa kò sọ pé irọ́ ni. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n bi ara wọn ni pé kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?

Òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe owó. Ìṣirò ni, tí a fi ń mọ bí iye owó ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ orí ọjà náà ṣe ń gòkè tàbí tí ó ń wálẹ̀ lápapọ̀, náírà ni a sì fi ń ṣe é. Nígbà tí ó dé góńgó ní oṣù Kẹta ọdún 2008, tí ó lé ní 66,000, dọ́là kan kò tó náírà 120. Ní ìparí ọdún 2024, dọ́là kan ti ju náírà 1,500 lọ. Ẹni tí ó ń fi ọ̀pá tí ń kúrú lójoojúmọ́ wọn aṣọ yóò máa rò pé aṣọ náà ń gùn sí i ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náírà nìkan kọ́ ni ó mú wa kọ̀wé. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà kò ní gbàgbé bí ọ̀ràn ọdún 2008 ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo, Gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ìgbà náà, pàṣẹ pé kí owó ìdókòwò báńkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní bílíọ̀nù náírà 2, kí ó di bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 dàpọ̀ di 25. Wọ́n jáde wá ta ìpín fún gbogbo ayé, àti olùkọ́, àti ìyá ọlọ́jà, àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì, kálukú rà. Láti ọdún 2004 títí ọjà fi dé góńgó, iye rẹ̀ lápapọ̀ di ìlọ́po márùn-ún ó lé. Ti àwọn báńkì di ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Kí ni ó fẹ́ ọjà náà bẹ́ẹ̀? Mallam Sanusi Lamido Sanusi, tí ó gba ipò Soludo ní ọdún 2009, tú àṣírí rẹ̀ nínú àsọyé tí ó ṣe ní Yunifásítì Bayero ní Kánò, ní oṣù Kejì ọdún 2010. Báńkì a yá oníbàárà lówó kí ó fi ra ìpín, nígbà mìíràn ìpín báńkì náà gan-an, a sì gba ìpín ọ̀hún dógò. Bí iye ìpín bá gòkè, ohun ìdógò a dà bí ẹni pé ó tóbi sí i, báńkì a sì tún yá a sí i. Báyìí ni ọṣẹ ń hó, tí ìfófó rẹ̀ bo abọ́, bẹ́ẹ̀ ni omi inú abọ́ kò lé.

Ìfófó náà fọ́. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹta ọdún 2009, òṣùwọ̀n ti já sí nǹkan bí 20,000. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Sanusi yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò. Kí ọdún tó parí, bílíọ̀nù náírà 620 ni Báńkì Àpapọ̀ ti kó sínú àwọn báńkì tí ó ń rì. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Ìwé ẹ̀rí ìpín àwọn báńkì wọ̀nyí tí ẹlòmíràn ti tọ́jú sínú àpótí de ọjọ́ ogbó di ìwé lásán.

Àwọn àgbà báńkì nílẹ̀ òkèèrè ní àwíjàre kan. Alan Greenspan, tí ó jẹ́ olórí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti fura ní oṣù Kejìlá ọdún 1996 pé ìrètí àsọdùn ń gbé iye ìpín ga. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n Nasdaq, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ pọ̀ sí, kọjá 5,000 ní oṣù Kẹta ọdún 2000, ó sì já sí nǹkan bí 1,100 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2002. Ọdún 15 gbáko ni ó gbà á kí ó tó padà sí ibi tí ó ti ṣubú. Lẹ́yìn náà ni Greenspan wí pé ó ṣòro láti mọ ìfófó dájú àfi ìgbà tí ó bá fọ́. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dúró dìgbà náà: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ó kìlọ̀ pé iye ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá ti ga ju bí ó ti yẹ lọ. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń fi fóònù ra ìpín Amẹ́ríkà gbọ́ o.

Ní ti àwa, a gbà pé kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ iye tí ìpín kan tó gan-an. Ṣùgbọ́n gbèsè kò fara sin. Gbogbo owó tí báńkì bá yá ènìyàn ni ó wà nínú ìwé, Báńkì Àpapọ̀ sì ní àwọn olùyẹ̀wò tí ń ka ìwé náà. Kò dìgbà tí wọ́n bá mọ iye ìpín kí wọ́n tó mọ iye gbèsè tí a fi rà á. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Báńkì Àpapọ̀ rí iná ọdún 2007, ó sì sùn.

Nísinsìnyí, ọ̀ràn náà tún dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Olayemi Cardoso, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí báńkì tí ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun ní bílíọ̀nù náírà 500, kí èyí tí ń ṣe é jákèjádò Nàìjíríà ní 200, ó sì fún wọn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2026 gẹ́gẹ́ bí gbèdéke. Àwọn báńkì tún gbé ìpín jáde wá tà. A yin Báńkì Àpapọ̀ pé kò gbà kí wọ́n ka èrè àtẹ̀yìnwá mọ́ owó náà. Ṣùgbọ́n èyí kò tó. Òfin tí a ṣe lẹ́yìn ìṣubú ọjọ́sí wà lórí ìwé. Ẹni tí ó lé ìwé mọ́ inú àpótí kò lè fi í dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a ń béèrè ni pé, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí Báńkì Àpapọ̀ máa kéde iye tí báńkì kọ̀ọ̀kan yá àwọn ènìyàn láti fi ra ìpín, àti iye tí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùdarí báńkì náà fúnra wọn. Kí a sì kà á lórí rédíò ní èdè tí ìyá ọlọ́jà ní Ìgàndò gbọ́. Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí olùdìbò rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí àwọn aṣòfin tí a rán lọ sí Àbújá bá wá síbí pẹ̀lú ìròyìn 142,000, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́ bí wọ́n bá fẹ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n béèrè iye tí ó jẹ́ gbèsè nínú rẹ̀.