Àìsàn Kì Í Dúró De Ẹni Tí Ó Kàn

Ìlú Bingerville, tí ó wà ní ìlà oòrùn Abidjan, lórí òkè tí ó kọjú sí ọ̀sà Ébrié, ọmọ tí àìsàn bí ni. Ní 1899, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wọ Grand-Bassam tí í ṣe olú ìlú àwọn Faransé nígbà náà, ó sì pa àwọn òyìnbó ibẹ̀ ní ìpakúpa. Kí ni àwọn aláṣẹ ṣe? Wọn kò sọ fún gómìnà pé kí ó lọ wo inú àpò ara rẹ̀. Wọn kò ní kí àwọn akọ̀wé rẹ̀ máa tọrọ lọ́wọ́ ẹbí. Owó ìlú ni wọ́n fi kó ìjọba tòun ti ìwé àti àpótí rẹ̀ gun orí òkè tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, wọ́n sì fi orúkọ Binger, gómìnà àkọ́kọ́, sọ ibẹ̀. Láti 1900 títí di 1934 tí ìjọba ṣí lọ sí Abidjan, Bingerville ni olú ìlú Côte d'Ivoire.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò fara sin. Nígbà tí àìsàn kan ilẹ̀kùn alágbára, ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni. Nígbà tí ó bá kan ilẹ̀kùn ìyá alátẹ, wọ́n a ní kí olórí rán orí ara rẹ̀ lọ́wọ́. Irọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó fẹ́ràn mẹ̀kúnnù dìde sí.

ÀWỌN TÍ KÌ Í SINMI

Kò sí ẹni tí ó lè pe àwọn Yorùbá Côte d'Ivoire ní ọ̀lẹ. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960 ni àwọn ọmọ Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìnísà ti ń ru ọjà gba Dahomey, Togo àti Ghana kọjá lọ sí ilẹ̀ náà. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí Abidjan bí ẹni pé ìlú kejì ni. Ní Èjìgbò, ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọlọ́jà kì í yà á lẹ́nu. Àwọn tí ilẹ̀ náà ń pè ní Ànàgó wọ̀nyí ń tajà ní Adjamé àti Treichville, òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé.

Ṣùgbọ́n irú ìgbé ayé yìí ní ibi tí ó ti ń jò. Owó tí oníṣòwò fi ń jẹun, òun náà ni ó fi ń ra ọjà. Bí ìyá aláṣọ bá ní aṣọ tí iye rẹ̀ jẹ́ 400,000 owó sẹ́fà lórí àtẹ, ilé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ilé ìfowópamọ́ rẹ̀ nìyẹn, owó ifẹ̀yìntì rẹ̀ sì nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá dá a wó, tàbí tí aboyún ilé rẹ̀ bá nílò iṣẹ́ abẹ, aṣọ orí àtẹ ni yóò tà ní ọ̀pọ̀ láti fi san owó oògùn. Nígbà tí ara bá yá, àtẹ ti ṣófo. Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì a sì di òṣì ọdún márùn-ún. Ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé a kúrò, a di ẹni tí ń kiri omi tútù láàrín ọkọ̀.

WỌ́N NÍ ÌNÁKÚNÀÁ NI

Àwọn ọlọ́gbọ́n kan wà tí wọ́n ń jókòó sábẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ pé ìnákúnàá ni ó ń pa tálákà. Wọ́n ní bí kò bá ra aṣọ ẹbí, bí kò bá ná owó ìsìnkú, ìbá rí owó ilé ìwòsàn san.

Kí a má purọ́, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìtìjú ni pé ẹbí tí kò rí 50,000 kó jọ nígbà tí bàbá wà lórí ibùsùn a máa rí ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ nígbà tí ó bá kú. Ẹni tí a kò rí oògùn rà fún ni a ń ra pósí dídán fún. Màlúù ń ṣubú, ìlù ń dún, opó ń jẹ gbèsè. Àṣà tí ń bọlá fún òkú tí kò bojú wo aláìsàn, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ fúnra wọn ni kí ó gé e kúrú, kí ó sì jẹ́ kíákíá.

Ṣùgbọ́n òótọ́ díẹ̀ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ó fi ilé, ìsọ̀ àti gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀. Ṣé ìnákúnàá ni ó sọ àwọn náà di ẹni tí ń ru ẹrù ní ibùdókọ̀? Àwọn tí ó fi owó kọ́lé ni. Àwọn tí ó fi owó pamọ́ ni. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kìn-ín-ní 1994 ẹ̀wẹ̀, wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí méjì: ẹni tí ń fi 50 ra owó Faransé kan tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi 100 rà á. Ẹni tí ó tọ́jú owó rẹ̀ sínú àpótí fún ogún ọdún jí ní òwúrọ̀, ó bá ọjà òkè òkun, àti oògùn pẹ̀lú, ní iye tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó mọ́. Ṣé aṣọ ẹbí ni ó fa èyí náà?

Ìfowópamọ́ dára, kò sì sí ẹni tí ó ń bú u. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹni tí ó bá ní kí ẹnìkan ṣoṣo máa fi ìwọ̀nba owó rẹ̀ dojú kọ àìsàn, ìbímọ, ikú àti àṣẹ ìjọba, ó ń fi igbá gbọ́n omi òkun ni.

ÈÉSÚ ÀTI ÀJỌ

Àwọn mìíràn a ní, "Yorùbá kò ṣàìní ọgbọ́n. A ní èésú, a ní àjọ." Bẹ́ẹ̀ ni, ọgbọ́n àtàtà sì ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn mọ iṣẹ́ tí ọkọ́ ń ṣe yàtọ̀ sí iṣẹ́ àdá.

Àjọ ni kí alájọ máa gba owó lójoojúmọ́, kí ó kó o fún olówó ní òpin oṣù, kí ó mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ènìyàn dá ni yóò kó. Ẹni tí ó ń dá 500 lójúmọ́ kò lè ju 14,500 lọ ní oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Bí owó iṣẹ́ abẹ bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí, àjọ kò rí i ṣe.

Èésú ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ènìyàn méjìlá bá ń dá 20,000 lóṣooṣù, ẹnìkan yóò máa kó 240,000 ní oṣù tí ó bá kàn án. Èyí dára fún ohun tí a mọ ọjọ́ rẹ̀: owó ilé ìwé, owó ilé, ìgbéyàwó, ọjà ọdún. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í dúró de ẹni tí ó kàn. Ẹni tí ó kó èésú rẹ̀ ní oṣù kejì tí àìsàn sì dé ní oṣù kẹta, gbèsè oṣù mẹ́sàn-án ni ó wà lọ́rùn rẹ̀ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn.

Ohun tí àìsàn ń fẹ́ ni àpò kan tí kì í ka ẹni tí ó kàn, tí ó ń ka ẹni tí ó nílò. Bí ènìyàn bá sì ti pọ̀ tó nínú rẹ̀ ni ẹrù ṣe ń fúyẹ́ tó, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni àìsàn yóò dá wó lọ́jọ́ kan. Èyí ni ń jẹ́ adójútòfò ìlera. Èésú ni, bàbá èésú ni, ó kàn kọ̀ láti tò ní ìlà ni.

ẸGBẸ̀RÚN KAN LÓṢÙ

Côte d'Ivoire ti ṣe òfin rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2014 ni wọ́n fi òfin gbé ètò ìtọ́jú àìsàn kárí ayé gbogbo ẹni tí ń gbé ilẹ̀ náà kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CMU. Ní oṣù kẹwàá 2019 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ẹgbẹ̀rún kan owó sẹ́fà ni ènìyàn kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù, ètò mìíràn sì wà fún àwọn tí kò ní rárá. Ní ilé ìwòsàn tí ètò náà bá fọwọ́ sí, fún ìtọ́jú àti oògùn tí ó wà nínú ìwé rẹ̀, àpò náà ń san 70 nínú 100, aláìsàn ń san 30.

Kí olùkàwé ṣe ìṣirò rẹ̀. Ilé tí ó ní ènìyàn mẹ́fà yóò san 72,000 lọ́dún. Bí ìtọ́jú bá dé 150,000, 45,000 ni yóò ti ọwọ́ wọn jáde. 105,000 dúró sórí àtẹ gẹ́gẹ́ bí ọjà. Ìyàtọ̀ láàrín ìyá tí ó padà sí ọjà àti ìyá tí ó di alágbe nìyẹn.

Ní Bingerville fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá fún ìyá àti ọmọ ti ṣí ilẹ̀kùn láti 2018. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ti wà níbẹ̀ láti 1962. Ààfin àwọn gómìnà àtijọ́ sì ti di ilé àwọn ọmọkùnrin aláìlóbìí. Ilé kò wọ́n ní Bingerville. Ọ̀nà tí tálákà yóò gbà wọlé tí kò fi ní jáde ní ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ kù sí.

ÀWỌN ALÁTAKÒ MÉJÌ

Alátakò kìn-ín-ní a ní, "Ẹni tí ó bá san owó àìsàn nígbà tí ara le, àìsàn ni ó ń pè." Kí ó lọ bi awakọ̀ tí ń ná ọ̀nà Èjìgbò sí Abidjan. Kò sí èyí tí kò gbé táyà àpọ̀jù sínú ọkọ̀. Ṣé ìfọ́ táyà ni ó ń gbàdúrà fún? Ẹni tí ó gbẹ́ kànga nígbà òjò kò ṣépè fún ọ̀dá.

Alátakò kejì a ní ìjọba yóò jẹ owó náà. Ẹ̀rù rẹ̀ tọ́, nítorí ejò ti bù ú jẹ rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé alájọ kan sá lọ ni ọjà fi dẹ́kun àjọ dídá. Ìwé owó ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n ń fi ojú sọ́ ọ, wọ́n sì ń lé olè jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ó rí: kí wọ́n ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sétí ìlú, kí wọ́n sì sọ fún aláìsàn ìdí tí oògùn kò fi sí nínú àká.

Kò sí ohun tuntun nínú ìjà yìí. Jámánì bẹ̀rẹ̀ adójútòfò àìsàn fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1883. Ìlú Ọba ṣí ètò ìlera rẹ̀ fún olówó àti tálákà ní 1948, nígbà tí gbèsè ogun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ghana ṣe òfin tirẹ̀ ní 2003. Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, nígbà tí ìjọba Action Group fẹ́ gba owó orí àkànṣe fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, inú bí àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà fi fìdí rẹmi ní agbègbè tirẹ̀ nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954. Wọn kò yí padà. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955 ilé ìwé ọ̀fẹ́ ṣí. Ta ni, nínú àwọn tí ó bú wọn, tí ó mú ọmọ tirẹ̀ kúrò níbẹ̀?

OHUN TÍ Ó KÙ

Nàìjíríà ti ṣe òfin ní 2022 tí ó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jùlọ ọmọ ilẹ̀ náà ṣì ń fi owó àpò san owó oògùn. Òfin tí a kọ tí a kò mú ṣẹ, àwòrán ọbẹ̀ ni. Kì í yó ènìyàn. ECOWAS fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìrìnnà láìsí ìdíwọ́ ní 1979. Oníṣòwò ń rìn kọjá, ọjà rẹ̀ ń kọjá, ṣùgbọ́n ìwé adójútòfò tí ó gbà ní Ọ̀ṣun kò wúlò fún un ní Abidjan. Kí àwọn aṣòfin tí ẹgbẹ́ rán lọ sí ilé ìgbìmọ̀ bèèrè ìdí rẹ̀ ní gbangba, kí wọ́n má sì jókòó títí wọn yóò fi rí èsì.

Iṣẹ́ sì wà nílé. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Abidjan kọ orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀ sínú ètò náà kí ó tó ra aṣọ ẹbí mìíràn. Kí ó máa san ti opó àti ti ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì ní owó. Kí èésú máa bá a lọ fún ohun tí ó ní ọjọ́, kí owó ọjà sì yàtọ̀ sí owó oúnjẹ. Kí wọ́n bu ìdajì owó ìsìnkú sí àpò àwọn alààyè.

Àwọn Faransé kó olú ìlú gun òkè nítorí ìlera ìwọ̀nba òyìnbó díẹ̀. Kò sí ẹni tí ń bèèrè pé kí ìjọba òde òní kó ìlú gun òkè. Àpò kan ni mẹ̀kúnnù ń bèèrè, tí òun fúnra rẹ̀ yóò dá owó sí, tí olè kò ní fọwọ́ kàn, tí yóò sì ṣí ní ọjọ́ tí àìsàn bá dé. Ìjọba tí kò bá lè ṣe èyí fún ìyá alátẹ, kí ó má tún wá tọrọ ìbò rẹ̀.