Ta Ni Ó Lé Àgbákò Kúrò Lọ́nà Sokodé?

Ní àkókò ìsinmi ilé-ìwé tí ó kọjá, mo jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọdé ilé wa ní Kambolé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ń kàwé ní Sokodé, ni ó gba ọ̀rọ̀ sọ. Ó sọ fún wa nípa Méduse, obìnrin tí irun orí rẹ̀ jẹ́ ejò, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá wò ó lójú yóò di òkúta. Ó sọ nípa Minotaure olórí màlúù, tí ń gbé inú ilé tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í mọ ọ̀nà àbájáde. Ó sọ ọ́ dáadáa. Àwọn àbúrò rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí ó parí, mo bi í pé: «Àgbákò ńkọ́?» Ó wò mí títí, ó ní: «Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ta ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?»

Bí mo ti ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ẹgbẹ́ mi, ariwo ta. Ẹnì kan ní kí a gba ìwé àwọn Gíríìkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹlòmíràn ní fíìmù òyìnbó ni ó ba ayé jẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba nínú ìwé ìròyìn wa yìí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Méduse kọ́ ni ó lé Àgbákò kúrò lọ́nà Sokodé. Àwa àgbà ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn Gíríìkì láre. Nínú ìtàn wọn, Jason kó àwọn akọni jọ sínú ọkọ̀ ojú omi tí à ń pè ní Argo, wọ́n wá awọ àgbò oníwúrà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Héraklès oníkùmọ̀ wà nínú wọn. Orphée olóhùn dídùn wà nínú wọn. Ẹ wá ṣí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938. Ọba rán Àkàrà-Ògùn àti àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn wà nínú wọn. Olóhùn-Iyọ̀ wà nínú wọn. Ìmọ̀dóyè ọlọ́gbọ́n wà níbẹ̀, Ẹlẹ́gbèdè-Ọdẹ tí ó gbọ́ èdè ẹranko wà níbẹ̀, àti Arámàdà-Òkùnrin tí òtútù ń mú nígbà tí ooru bá ń mú gbogbo ènìyàn. Oníkùmọ̀ pàdé oníkùmọ̀, olórin pàdé olórin. Ìṣòro tí ó ju agbára ẹnì kan lọ ni ó ń bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Sphinx tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà Thèbes, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe àlọ́ àpamọ̀, àfi pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni ó ń pa? Bí a bá ní irin kì í ran ara Achille, kò ní ya ọmọ Sokodé lẹ́nu, ẹni tí ó ti rí àwọn Tem níbi ọdún Adossa tí ọ̀bẹ ń lọ lára wọn tí kò gé wọn. Nígbà tí Ola Rotimi sì mú ìtàn Œdipe ní 1968, tí ó fi ṣe eré The Gods Are Not to Blame, kò sọ ara rẹ̀ di Gíríìkì. Œdipe ni ó di ọba nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ilé rẹ̀ kún kì í lé àlejò.

Ǹjẹ́ kí ni ó sọ ilé tiwa di òfìfo? Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù. Àwọn kan wà láàrin wa tí kì í jẹ́ kí a pa àlọ́ iwin nílé wọn. Wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni. Mùsùlùmí pọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeré. Ṣùgbọ́n nínú ilé kan náà, Zeus ń sán àrá nínú tẹlifíṣọ̀n, ẹnikẹ́ni kò dìde pa á. Ṣé Zeus kì í ṣe òrìṣà ni? Wọ́n pa màlúù bọ ọ́ ní Olympie bí a ti ń pa àgbò bọ Ṣàngó. Báwo ni ẹni tí ń sán àrá ní èdè Faransé ṣe di ọ̀làjú, tí ẹni tí ń sán àrá ní èdè wa sì di kèfèrí? Fágúnwà fúnra rẹ̀, tíṣà onígbàgbọ́ ni. Orúkọ Ọlọ́run kò kúrò lẹ́nu àwọn ọdẹ rẹ̀. Àlùjọ̀nnú tí a sì ń pè nínú àlọ́, inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìsìláàmù àti àlọ́ ti jọ jókòó nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ìgbà pípẹ́, kò sí èyí tí ó pa èkejì.

Ìkejì ni ọ̀lẹ, èyí ni ó sì dùn mí jù. Ní 2005, Rick Riordan, ará Amẹ́ríkà, mú ìwé kan jáde tí àwọn Faransé ń pè ní Le Voleur de foudre. Kò fi Méduse sílẹ̀ ní ayé àtijọ́. Ó ṣí ìsọ̀ ère òkúta fún un lẹ́bàá ọ̀nà ní New Jersey. Ó gbé ilé Zeus ka orí Empire State Building ní New York. Ọmọ tí ó bá ka ìwé náà kò ní gba iwájú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá kí àyà rẹ̀ má já. Àwa ńkọ́? A fi Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ nínú igbó tí a ti gé tán, a wá ń bínú pé ọmọ tí kò wọ igbó rí kò mọ̀ ọ́n.

Ṣé a kò ní ibi tí a lè gbé e sí ni? Ọ̀nà ńlá àtijọ́ tí ó ti Lomé wá, tí ó gba Sokodé lọ sí Kara, la àárín àpáta kọjá ní Alédjo; kò sí awakọ̀ tí kò mọ ibẹ̀. Ta ni ó ti kọ̀wé nípa iwin tí ń pa àlọ́ fún awakọ̀ akẹ́rù níbẹ̀ lóru? Ẹ tún wo orúkọ Tchamba. Ní etíkun, láàrin àwọn Ewe àti àwọn Mina, ẹ̀mí kan wà tí wọ́n ń bọ tí ó ń jẹ́ Tchamba. Ẹ̀mí àwọn ẹrú ni, àwọn tí a kó láti ìhà àríwá, tí àwọn ìdílé olówó rà. Àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí ó rà wọ́n ni ó ń bọ wọ́n títí di òní, ẹ̀gbà ọwọ́ sì ni àmì wọn. Òkú ẹrú padà wá jókòó nínú ilé olówó rẹ̀, ó ní kí a rántí òun. Ìtàn Gíríìkì wo ni ó wúwo ju èyí lọ? Mélòó nínú àwọn ọmọ tí a bí ní Tchamba gan-an ni a ti sọ ọ́ fún?

Ẹnì kan yóò sọ pé Fágúnwà ti kọ ọ́ tán. Mo júbà Fágúnwà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ baba kì í dípò iṣẹ́ ọmọ. Yorùbá tí ó fi kọ ọ́ kì í ṣe ti ẹnu wa ní Kambolé, ìwàásù inú rẹ̀ a sì máa gùn létí ọmọdé. Nígbà tí àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ti 1975 mú Ewe àti Kabiyè wọ ilé-ìwé ní Togo, èdè tiwa kò sí nínú rẹ̀. Èdè Faransé ni àwọn ọmọ wa fi mọ ìwé kà. Kí a gba ibẹ̀ bá wọn nígbà náà. Ìwé Amos Tutuola tí ó jáde ní Lọ́ńdọ́nù ní 1952, Raymond Queneau ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé ní 1953: L'Ivrogne dans la brousse. Arẹwà ọkùnrin tí ó yá ẹ̀yà ara, tí ó ń dá wọn padà lójú ọ̀nà títí ó fi ku agbárí nìkan, ó wà níbẹ̀. Ìyá àgbà ti ń sọ irú rẹ̀ kí a tó bí Tutuola.

Ìwé ìròyìn wa elédè méjì ni. Mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ìtàn nínú gbogbo ẹ̀dà. Kí àgbà sọ ọ́ bí ó ti rí lẹ́nu ará Kambolé, kí ọ̀dọ́ kan ní Sokodé kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fi èdè Faransé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n sì ní àṣẹ láti gbé e wá sí ayé òde òní, kí àgbà kankan má ṣe pariwo pé wọ́n ba ìtàn jẹ́. Èyí kò gba owó ìjọba.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ìtàn Àgbákò fún ọmọ wa. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó wá bi mí pé ṣé Àgbákò lè gun zémidjan. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo wá ìwé àti kálámù fún un, mo ní kí ó kọ ọ́ kí a rí i.