OMI TI WỌ DÍÌFÙ, DẸ́RẸ́BÀ Ò SỌ!

Nígbà òjò, tí odò bá kún lọ́nà oko Ìdànrè àti Ilé Olújì, mọ́tò kéékèèké kì í lè dé ibẹ̀. Jíìpù àti píkọ́ọ̀pù fọ́wíìlì ló ń kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ ní irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ná yín. Òmíràn kó owó àjọ lé e, òmíràn ṣì ń san gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, ẹ gbọ́ èsì:

"Ìyá, ṣé ẹ ti pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò yìí?"

"Há, lóṣù tó kọjá náà ni, ọmọ mi. Ọ̀gá mẹkáníìkì ló bá mi pààrọ̀ ẹ̀."

"Ti díìfù ńkọ́, mà?"

"Kí ló ń jẹ́ díìfù?"

Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Díìfù ni ìkòkò irin roboto tó wà láàrin táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Fọ́wíìlì tún ní òmíràn níwájú. Ọ́ìlì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, kò bá ti ẹ́ńjìnnì pàdé rárá. Ti ẹ́ńjìnnì ní géèjì tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì ní iná pupa tó ń tàn níwájú dẹ́rẹ́bà. Ti díìfù kò ní ìkankan. Àfi kí ènìyàn sùn sábẹ́ mọ́tò, kó tú nọ́ọ̀tì, kó tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbàgbé ẹ̀.

Nínú ìkòkò yìí, irin eléyín kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní píníọ̀n. Òun ló ń yí irin eléyín ńlá tí wọ́n ń pè ní kíráwùn. Gbogbo ẹrù orí mọ́tò, eyín àwọn méjèèjì yìí ló ń fà á, wọ́n sì ń fara ra ara wọn pẹ̀lú agbára. Ẹ rántí ọlọ àti ọmọ ọlọ. Bí kò bá sí ata láàrin wọn, òkúta á máa lọ òkúta ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan odò. Díìfù tó ti ń sáré láti àárọ̀ máa ń gbóná. Bó bá rì sínú omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á sì máa fa nǹkan mọ́ra, bí ìgò gbígbóná tí wọ́n da ẹnu rẹ̀ dé inú omi. Ihò kékeré kan wà lórí ọ̀pá táyà tí díìfù fi ń mí. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ẹ̀gbẹ́ ọ́ìlì síìlì ni omi máa gbà wọlé.

Dẹ́rẹ́bà mọ̀ pé òun gba inú odò. Kò ní sọ, torí ìyá ti kìlọ̀ fún un pé kó gba orí afárá. Mọ́tò á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, á ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ̀yìn mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùn-ùn bí oyin. Nígbà tí ẹ bá fi gbọ́ ìyẹn, eyín ti ń jẹ. Kíráwùn àti píníọ̀n, méjèèjì ni wọ́n jọ ń pààrọ̀ papọ̀, owó ńlá sì ni. Èyí tó burú jù ni pé kí eyín kán lórí eré, kó há sáàrin, kí táyà ẹ̀yìn há pa lójijì. Àwọn tó jókòó sórí àpò kòkó ńkọ́? Ìyá tó bá lé dẹ́rẹ́bà torí pé ó sọ òótọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ra kíráwùn.

Lọ́jọ́ tí mọ́tò bá gba omi tó bo ọ̀pá táyà, kí mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ díìfù wò. Bí ọ́ìlì bá ti dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọlé. Kí wọ́n dà á nù lọ́jọ́ náà, kó má di ọ̀la.

Ní ṣọ́ọ̀bù sípéà pátì, "ẹ fún mi ní gíà ọ́ìlì" kò tó. Ẹ wo ara agolo. Nọ́ńbà SAE ń sọ bó ṣe ki tó. GL ń sọ irú oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọn kí eyín irin má baà jẹ ara wọn. Fún irú díìfù yìí, GL-5 ni ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ ń bèèrè, SAE 90 tàbí 80W-90. Èyí tí wọ́n kọ 85W-140 sí ki jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rà á bí ìwé ọkọ̀ bá gbà á nìkan. Àwọn kan rò pé èyí tó bá ki jù náà ló dára jù. Irọ́ ni. GL-5 tó bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á sínú gíà bọ́ọ̀sì láìbèèrè, torí imí-ọjọ́ inú oògùn rẹ̀ lè jẹ idẹ inú àwọn gíà bọ́ọ̀sì kan. Ti inú kẹ́ẹ̀gì tí kò ní orúkọ, tí wọ́n ń wọ̀n tà bí epo pupa, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ó wá ku pípààrọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ wa mọ́tò díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́wọ́ọ́wọ́, kí wọ́n gbé e sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n fi òkúta há táyà. Nọ́ọ̀tì òkè, níbi tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sí i, ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn láti tú ti ìsàlẹ̀ ṣáájú. Bí ọ́ìlì bá ti ṣàn tán, tí ti òkè wá kọ̀ tí kò tú, mọ́tò ti há síbẹ̀ nìyẹn, kò ṣeé wà lọ síbì kan.

Kí wọ́n gbe báálì sábẹ́ ẹ̀, kí wọ́n sì wo ohun tó jáde. Bí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ bá ní mágínẹ́ẹ̀tì, tí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn kúnná bíi tìróò, kò burú. Bó bá jẹ́ èérún irin tàbí eyín tó kán, ẹ pe ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Kí wọ́n nu ẹrẹ̀ ojú ihò mímí, kí wọ́n dí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa da ọ́ìlì tuntun sí i títí yóò fi fẹ́ máa ṣàn jáde lójú ihò òkè. Ó ti tó. Bó bá pọ̀ jù, á ti síìlì jáde, á sì kó bá bíréèkì. Land Rover Series III, tí wọ́n ṣe láti 1971 sí 1985, díìfù rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ń gba nǹkan bíi lítà 1.7 péré. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ ra lítà 5 fún díìfù kan ṣoṣo irú ẹ̀, ẹ bi í níbi tó fẹ́ dà á sí.

Kí wọ́n ṣe ti iwájú náà. Lálẹ́, kí dẹ́rẹ́bà tẹ́ páálí sábẹ́ díìfù méjèèjì. Bí ọ́ìlì bá ti kán sí páálí nígbà tílẹ̀ fi mọ́, nọ́ọ̀tì kò le tó tàbí kí wọ́ṣà ti bàjẹ́, kí mọ́tò tún padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó tó kó ẹrù.