Ẹ San Owó Iṣẹ́ Yín fún Ara Yín, Ẹ Yé Jẹ Owó Ọjà

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ nídìí àtẹ tó ń bí mi nínú. Bí wọ́n bá bi obìnrin pé èló ló ń mú nínú ọjà rẹ̀ lóṣù, á ní, “Owó oṣù kẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ni? Èmi ni mo lọjà, iye tó bá wù mí ni mo lè mú.” Gbogbo ìsọ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ti ìsọ̀ pa láàárín wa ju àwọn agbowó tí à ń bú lójoojúmọ́ lọ.

Ẹ wo alájọ. Ẹni tó bá ń dá 500 náírà lójúmọ́ mọ̀ pé bí oṣù bá pé, 500 ti ọjọ́ kan, ti alájọ ni. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó ń bá a jà sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí alájọ bá yọ lé e nítorí pé wọ́n gbé aṣọ ẹbí dé, ariwo olè la máa pa lé e lórí. Ó dáa. Àwa tí à ń yọ nínú owó ọjà bó ṣe wù wá, kí ni ká pe ara wa? “Owó mi ni.” Ìyá, díẹ̀ nínú ẹ̀ ni tiyín. Òmíràn jẹ́ ti ẹni tó kó ọjà fún yín láwìn, òmíràn jẹ́ ti gbọ́mú-lé-lántà tí ẹ ń san lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, èyí tó pọ̀ jù sì ni ọjà tí ẹ máa rà lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ ra àpò gàrí 10 ní 20,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di 200,000. Ẹ tà á lọ́sẹ̀ kan, 240,000 wọlé. Ẹ yọ owó mọ́tò, alábàárù, ọ̀rá àti owó ìsọ̀, ká pè é ní 15,000. Ó ku 25,000. Inú ń dùn, èrè rèé! Ẹ dúró ná. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta gàrí fún yín, ó ní àpò ti di 21,000. Àpò 10 kan náà yóò gba 210,000. Èrè yín ò ju 15,000 lọ. Bí ẹ bá ti jẹ 25,000 tán, àpò 9 àti ààbọ̀ lẹ máa rí rà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Bí àtẹ ṣe ń gbẹ nìyẹn, láìsí olè, láìsí iná.

A rí èyí lọ́dún 2023. Owó tuntun ò sí níta níbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tó di oṣù Karùn-ún wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà lítà tẹ́lẹ̀ fò sókè sí nǹkan bíi 500. Ẹni tó ń fi náírà ka owó ọjà rẹ̀ rò pé òun ò pàdánù. Ẹni tó ń fi àpò kà á ló tètè mọ̀. Ẹ fi àpò kà á jàre.

Èló wá ni ká mú? Ẹ bi ara yín: bí ara mi ò bá yá, tí mo ní kí ẹlòmíràn bá mi jókòó títí ọjà á fi tú, èló ni mo máa san fún un? Ká ní 2,000 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún, 10,000. Iye yẹn lowó iṣẹ́ yín. Ẹ mú un lọ́jọ́ kan pàtó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. 5,000 tó kù, ti ọjà ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kóńgò gàrí tí ẹ bá bù lọ sílé, ara owó iṣẹ́ náà ni, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Èrè tèmi ò tó owó iṣẹ́.” Nígbà náà, ọjà yẹn ò bọ́ yín, ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ́ ọ. Ó sàn kí ẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tajà ní iye tí kò sí owó iṣẹ́ ẹni kankan nínú ẹ̀, ká ṣáà lè gba oníbàárà lọ́wọ́ ẹni ẹ̀gbẹ́ wa. Ìyẹn náà á tún gé tiẹ̀ lulẹ̀. Alábàárù gba tiẹ̀, onímọ́tò gba tiẹ̀, àwa méjèèjì tí a jókòó sóòrùn látàárọ̀ ò gba nǹkan kan.

Àwọn mìíràn á ní baálé ò mú owó oúnjẹ wá, ọjà ló ń san owó ilé-ìwé. Mo gbọ́, òótọ́ sì ni nínú ilé púpọ̀. Ìdí tó fi yẹ kí owó oṣù wà gan-an nìyẹn. Ẹni tó ní iye kan lè sọ fún ọkọ, fún ẹbí, fún àwọn aláṣọ ẹbí pé, “Owó oṣù mi ti tán.” Ẹni tí kò ní iye kan, kí ló fẹ́ sọ? Wọ́n ṣáà ń wo ọjà rílẹ̀ lórí àtẹ rẹ̀.

Àwọn ìyá wa ní Ẹ̀gbá, pẹ̀lú ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti níwájú wọn, jà láti 1947 nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ lóṣù Kìíní 1949. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni máa yọ owó nínú igbá wọn bó ṣe wù ú. Ṣé àwa ló wá yẹ ká máa fi ọwọ́ ara wa yọ ọ́?

Kí oníkálukú mú ìwé kékeré wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́: àpò mélòó, tàbí igbá mélòó, ló fi bẹ̀rẹ̀ oṣù, mélòó ló lè rà báyìí, èló ló mú fún ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ìkẹta dáhùn, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ la máa kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò.