Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ń Gba Afẹ́fẹ́ Kọjá Nílò Èdìdì

Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ àṣírí kì í kọ ọ́ sínú ìwé tí a kò dì, kí ó wá fi rán ẹni tí kò mọ̀ rí. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fi fóònù rán kì í lọ lódidi. Ẹ̀rọ a máa gé e sí ìdì kéékèèké. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì ẹ̀rọ tí ó rán an àti ti ẹ̀rọ tí yóò gbà á. Irinṣẹ́ kan wà tí ó lè mú àwọn ìdì náà bí wọ́n ti ń kọjá, kí ó sì tú wọn wò. Wireshark ni èyí tí ó lókìkí jù. Gerald Combs, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé e jáde ní ọdún 1998. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò ó láti mọ ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń dẹnu kọlẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ohun tí onímọ̀ lè rí, olófòófó lè rí i.

Ọ̀rọ̀ Google jẹ́ ẹ̀rí. Àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ń kiri ìgboro láti ya àwòrán òpópónà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, Google jẹ́wọ́ pé wọ́n tún ti gba ọ̀rọ̀ tí ó ń jáde láti inú Wi-Fi tí àwọn onílé kò tì. Àjọ CNIL ti ilẹ̀ Faransé yẹ ohun tí wọ́n kó wò. Ó bá íméèlì àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, ó bu ìtanràn 100 000 yúrò lé Google. Ẹnikẹ́ni kò já ilẹ̀kùn wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ta ni yóò dí ògiri náà? Ní Benin, òfin Code du numérique ti ọdún 2018 dáàbò bo ọ̀rọ̀ àdáni aráàlú. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ilé-ìwé, òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì tí ó ń fún ènìyàn ní Wi-Fi gbọ́dọ̀ tì í. Ẹni tí ó ń béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi èdìdì sí i. Èdìdì yìí dà bí àrokò àtijọ́: ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó ti mọ̀wé kà náà ní ipa tirẹ̀. Kí ó wo ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì. Bí ó bá jẹ́ http láìsí s, kí ó má kọ àṣírí kankan síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ https, a ti di ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n s kò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni tí yóò gbà á. Nítorí náà, kí ó ka orúkọ tí ó tẹ̀lé e dáadáa kí ó tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀.